Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Olùṣọ́?

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nítorí náà ni àwọn baba wa ṣe ń mọ odi yí ìlú ká, tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà sí ẹ̀yìn odi, tí wọ́n sì ń fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà. Ìlú tí kò lè dáàbò bo ara rẹ̀, ẹrú ni yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó ṣòro ju odi mímọ lọ: nígbà tí a bá ti lé ọ̀tá lọ tán, ta ni yóò máa ṣọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn Ìbàdàn. Ní nǹkan bí ọdún 1840, ogun Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, kò sì sí ọba tí ó lè kó gbogbo ilẹ̀ jọ mọ́. Ìbàdàn ni Òṣogbo ké sí. Balógun Odérìnlọ́ kó àwọn jagunjagun rẹ̀ wá, wọ́n kọlu ibùdó ọ̀tá lóru, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ìgbèjà ara ẹni ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn ín.

Àmọ́ ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Ìbàdàn tí ó ṣe olùgbàlà náà ni ó fi ajẹ́lẹ̀ ṣe olórí lé àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ìnira wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fi pa ajẹ́lẹ̀ ní ọdún 1878. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà parapọ̀, Ògèdèǹgbé di olórí ogun wọn. Báyìí ni ogun Kírìjì ṣe gbóná. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ibùdó ogun tó tú, Gómìnà Carter láti Èkó ni ó sì tú u. Àwọn ọmọ ìyá kò lè parí ìjà wọn, àlejò sì di onílé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, ní Ìbàdàn yìí kan náà, ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, nítorí àwọn ajínigbé àti àwọn apànìyàn tí ń dààmú ọ̀nà àti oko. Àwọn aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ta kò ó. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sọ ọ́ di òfin. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni èyí. Abala 33 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 pàápàá gbà kí ènìyàn gbèjà ara rẹ̀, kìkì pé kí agbára tí ó lò má ṣe kọjá ìwọ̀n.

Ìwọ̀n yìí ni ọjọ́ iwájú rọ̀ mọ́. Kí ẹ̀ṣọ́ gba ẹ̀kọ́ kí ó tó gba ìbọn. Kí ẹni tí ó bá fìyà jẹ lọ́nà àìtọ́ rí ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí àjèjì tí kò ṣẹ̀ kọjá láìfòyà.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń sọ ìtàn Òṣogbo fún àwọn ọmọ, ẹ má ṣe gbàgbé Kírìjì. Ìtàn kan náà ni méjèèjì. Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.