Bí Agbára Ṣe Ń Ti Ara Koríko Dé Ara Àṣá

Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ó nílò agbára kí ó tó lè wà láàyè. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú agbára yìí ti ń wá. Ẹranko kò lè jẹ ìtànṣán oòrùn, ṣùgbọ́n ewéko a máa fi í pèsè oúnjẹ láti inú omi àti afẹ́fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi pápá ẹ̀yìn ilé ṣe àpẹẹrẹ. Tata a jẹ koríko, alángbá a jẹ tata, àṣá a sì gbé alángbá jẹ. Báyìí ni agbára ṣe ń ti ara ọ̀kan bọ́ sí ara èkejì.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé iwájú. Tata a lo púpọ̀ nínú rẹ̀ láti fò àti láti mí. Òmíràn a bá ìgbẹ́ lọ. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó sábà máa ń kù fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Bí ti koríko bá jẹ́ 1,000, ti tata yóò jẹ́ 100, ti alángbá 10, ti àṣá 1. Ìdí nìyí tí tata fi pọ̀ rẹpẹtẹ nínú pápá tí àṣá kò tó nǹkan.

Bí àṣá bá kú, ara rẹ̀ a jẹrà, a sì di ọ̀rá fún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n agbára tí ó ti lò kì í padà mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pa koríko pápá run ti fi ebi pa àṣá tí kò jẹ koríko rí.