Ọ̀rọ̀ Tó Pamọ́ Sínú Fọ́tò: Ẹ Jẹ́ Ká Yẹ̀ Ẹ́ Wò Ká Tó Fi Ránṣẹ́



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ sàká, ṣùgbọ́n ààbò àwọn ọmọ òrukàn tí sàká àti sàráà yín ń tọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni.

Ẹni tó bá fowó sílẹ̀ fún aṣọ ilé-ìwé á fẹ́ rí aṣọ náà lọ́rùn ọmọ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Àwọn tó bá lọ kí àwọn ọmọ náà a máa ya fọ́tò, wọn a sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ohun tí ojú rí nínú fọ́tò kọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Kí ló pamọ́ síbẹ̀?

Láyé fíìmù, bírò la fi ń kọ ọjọ́ àti orúkọ sẹ́yìn fọ́tò. Lónìí, kámẹ́rà àti fóònù ń kọ ọ́ fúnra wọn. Bí a bá ti tẹ bọ́tìnì báyìí, wọ́n á kọ àlàyé sínú fáìlì àwòrán náà. Àlàyé yìí ni wọ́n ń pè ní metadata. Èyí tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń kọ ń jẹ́ EXIF, ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní orílẹ̀-èdè Japan gbé jáde ní 1995. Ó ń sọ irú kámẹ́rà tí a lò, ó sì ń sọ ọjọ́ àti àkókò títí dé ìṣẹ́jú-àáyá, báyìí: 2025:03:14 10:05:22. Bí GPS fóònù bá wà ní títàn, tí a sì ti gba kámẹ́rà láàyè láti lò ó, ó tún ń kọ ibi tí a dúró sí.

Oríṣi kejì ni èyí tí ènìyàn ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: àlàyé ohun tó wà nínú fọ́tò, orúkọ ẹni tó yà á àti ẹni tó ni ín. Ìlànà IPTC, tí àwọn oníròyìn ń lò, ni wọ́n sábà máa ń fi kọ èyí.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Nọ́ńbà méjì ni GPS fi ń sọ ibi. Ọ̀kan ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé, èkejì ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí ìlà tó gba Greenwich kọjá ní London. Lójú lásán, wọn kò jọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí nọ́ńbà mẹ́rin bá tẹ̀lé pọ́íǹtì, ó lè tọ́ka ibi kan dé nǹkan bí mítà 11. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí Google Maps yóò rí àgbàlá náà gan-an.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ẹni tó dá iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize tó fẹ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ìwé ìròyìn Vice gbé fọ́tò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsọ ibi tó wà. Àwọn tó yẹ inú fáìlì náà wò rí nọ́ńbà GPS tí fóònù ti kọ síbẹ̀: Guatemala ló wà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ fi mú un.

Bí fọ́tò bá lè tú àṣírí ẹni tó fi ààbò kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ jẹ, kí ni ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń kọ nípa òun? Ọmọ òrukàn mìíràn wà tí àwọn ẹbí ń du ogún bàbá rẹ̀. Òmíràn wà tí a gbé kúrò níbi tí wọ́n ti ń fìyà jẹ ẹ́. Fọ́tò tó ní ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tó sì ní ọjọ́, wákàtí àti ibi, ti fọ̀nà ilé rẹ̀ han ẹni tí kò yẹ.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Èkíní, ẹ pa á láti orísun. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Privacy & Security, Location Services, lẹ́yìn náà Camera, kí ẹ yan Never. Lórí Android, inú settings kámẹ́rà ló wà; orúkọ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ Location tags tàbí Save location.

Èkejì, ẹ yẹ èyí tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ wò. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ fáìlì náà, kí ẹ lọ sí Properties, lẹ́yìn náà Details. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ óò rí Remove Properties and Personal Information, tó ń nu àlàyé náà kúrò. Lórí iPhone, bí ẹ bá fẹ́ pín fọ́tò, ẹ tẹ Options lókè, kí ẹ sì pa Location. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lè lo ExifTool tí Phil Harvey ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀dà ni kí ẹ máa tún ṣe. Ẹ fi ojúlówó pamọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀nà tí ẹ fi ń ránṣẹ́. WhatsApp máa ń yọ àlàyé yìí bí a bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Bí a bá fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí nípasẹ̀ ímeèlì, gbogbo rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ọmọ náà. Nínu metadata kì í nu pátákó ilé-ìwé.

Àtúnṣe yàtọ̀ sí irọ́

Bí bátìrì kámẹ́rà bá kú pátápátá, aago rẹ̀ lè padà sí ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó bá sì gbé kámẹ́rà wá láti Britain nígbà òtútù, tí kò yí aago rẹ̀ padà, fọ́tò rẹ̀ yóò fi wákàtí kan lọ́ sẹ́yìn aago Nàìjíríà. Kò sí láburú nínú ká tún irú rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkọ àlàyé iṣẹ́ àti orúkọ ẹgbẹ́ sínú fáìlì, ó dára, nítorí ó ń jẹ́ ká mọ ibi tí fọ́tò ti wá. Ṣùgbọ́n ká mú fọ́tò Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún tó kọjá, ká yí ọjọ́ rẹ̀ sí ti ọdún yìí, ká fi han olùtọrẹ, jìbìtì ni.

Nítorí pé ọjọ́ inú fáìlì ṣeé yí padà, kò tó láti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹ máa béèrè rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ ìnáwó pẹ̀lú rẹ̀. Bí fọ́tò tí ẹ gbà kò bá sì sọ ibi tí ọmọ náà ń gbé, ẹ má rò pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ọmọ náà ni wọ́n ń dáàbò bò.

Kí Ọlọ́hun gba sàká àti sàráà wa, kí Ó sì ṣọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ìkáwọ́ wa. Āmīn.