Irúgbìn Tí Omi Híhó Kì Í Pa

Gbogbo wa la mọ irú. Ìyá tó ń ṣe é á se wóró rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, á bó èèpo rẹ̀, á tún un sè, á wá fi ewé bò ó fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Kò fi ìwúkàrà sí i, síbẹ̀ irú á yọ̀, òórùn rẹ̀ á sì gba ilé. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà?

Kòkòrò kan ni, tí ojú lásán kò lè rí. Bacillus subtilis ni orúkọ rẹ̀. Omi híhó ń pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irúgbìn rẹ̀ kì í kú.

Báwo ló ṣe ń ṣe irúgbìn? Bí oúnjẹ rẹ̀ bá tán, á ta awọ tín-ínrín sínú ara rẹ̀, bí ẹni fi aṣọ pín yàrá. Yàrá kan tóbi, èkejì kéré. Irúgbìn ń bọ̀ nínú èyí tó kéré. Ṣùgbọ́n okùn gígùn kan wà nínú kòkòrò náà, tí gbogbo ìlànà ìgbésí ayé rẹ̀ wà lára rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Nígbà tí awọ ń pàdé, nǹkan bí ìdá 1 nínú 3 okùn náà ló tíì wọ yàrá kékeré. Pùrótéènì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà lára awọ náà. SpoIIIE ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fa èyí tó kù wọlé, bí ẹni ń fa okùn korobá nínú kànga. Bí òun bá bàjẹ́, kò sí irúgbìn.

Lẹ́yìn èyí, yàrá ńlá á gbé kékeré mì, á fi èèpo líle wé e. Níkẹyìn ìyá á fọ́, á kú. Irúgbìn á kù. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bó bá rí omi àti oúnjẹ, á hù.

Ire ni èyí nínú irú. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí ní ìbátan burúkú kan, Bacillus cereus, tí irúgbìn rẹ̀ máa ń wà lára ìrẹsì. A se ìrẹsì, irúgbìn kò kú. A fi ìkòkò sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó hù, ó pọ̀, ó da májèlé sínú oúnjẹ. Bí a tún un gbé kaná, májèlé náà kò lọ. Èébì ló ń fà, ó sì ti pa ènìyàn rí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa se ìwọ̀n tí a lè jẹ tán, kí a sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Kí oúnjẹ sísè má wà nílẹ̀ ju wákàtí 2 lọ. Ẹni tó ní fíríìjì, kí ó tètè gbé e sínú rẹ̀. Èyí tó bá sùn síta, ẹ jẹ́ kí a dà á nù, bó tilẹ̀ dùn wá. Owó ìrẹsì kò tó ẹ̀mí ọmọ.