Oǹkà Àìsàn ní Lekki àti Ajah: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ohun méjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Àìsàn ẹnì kan jẹ́ àṣírí rẹ̀. Iye àwọn tí àìsàn kọlù kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí dókítà bá sọ fún wa pé àrùn onígbáméjì ń ṣe Lágbájá, ó ti rú òfin. Bí a bá béèrè iye ọmọdé tí àrùn náà kọlù ní Ajah láàárín oṣù kan, a kò tọ́pinpin ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré ní Lekki. Ilẹ̀ àbàtà ni, omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, kànga àti ṣáláńgá sì sábà máa ń sún mọ́ ara wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, Etí-Ọ̀sà wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí a dárúkọ. Ṣùgbọ́n Etí-Ọ̀sà gbòòrò. Ìyá ọlọ́mọ tí ń gbé ní Badore tàbí Sangotedo kò lè ti inú orúkọ yẹn mọ̀ bóyá omi àdúgbò tirẹ̀ ni ó léwu.

Òfin wà fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tí ó fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹni tí ó béèrè kò ní láti sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn. Ọjọ́ méje ni iléeṣẹ́ náà ní láti fèsì, bí ó bá sì kọ̀ láìtọ́, owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦500,000.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń wí pé òfin ìjọba àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ọ̀ràn ìlera gan-an ni ó sì parí iyàn náà. Ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Austin Osakue àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìwé ìnáwó àjọ tí ń gbógun ti àrùn éèdì. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, tí ó dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025 pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀.

Ilé ìwòsàn aládàáni ńkọ́, èyí tí ó pọ̀ jù ní Lekki? Òfin mú aládàáni tí ó bá ń ná owó ìlú tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìlú. Lórí ìyókù, àwọn agbẹjọ́rò lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Lójú tèmi, a kò nílò ìjà yẹn. Ó di dandan fún ilé ìwòsàn gbogbo láti fi ìròyìn onígbáméjì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀. Ìwé tí ó bá ti dé ọwọ́ ìjọba ti di ìwé ìlú. Ibẹ̀ ni kí a kọ̀wé sí, kí a dárúkọ àrùn, àdúgbò àti oṣù.

Níbì kan ṣá, oǹkà lè di orúkọ. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni éèdì ń bá jà ní òpópónà kan, kí akọ̀wé da òpópónà mẹ́wàá pọ̀ kí ó tó fún wa ní iye wọn. Kì í ṣe kí ó ti ìwé mọ́ inú àpótí.