"Ta Ni Wọ́n Ń Bá Jà?": Àwọn Jagunjagun Obìnrin Dàhómì, Ìtàn Gíríìkì àti Ìbéèrè Ìyá Àgbà Mi

Ní ọdún tó kọjá, mo wọ ẹ̀wù kan lọ sí Ayétòrò láti lọ kí ìyá tó bí ìyá mi. Àwòrán obìnrin kan tó mú idà lọ́wọ́ ni ó wà ní àyà ẹ̀wù náà, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun obìnrin ilẹ̀ Dàhómì àtijọ́. Mo ti wo sinimá The Woman King, èyí tó jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, tí Viola Davis sì ṣe olú òṣèré inú rẹ̀. Orí mi wú nígbà tí mo wò ó. Nítorí náà, nígbà tí ìyá àgbà bi mí pé ta ni mo gbé ka àyà báyìí, inú mi dùn láti ṣàlàyé. Mo mú fóònù mi jáde, mo sì fi díẹ̀ nínú sinimá náà hàn wọ́n.

Ìyá àgbà wò ó títí, wọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta ni wọ́n ń bá jà?"

Mo ní, "Ọ̀yọ́ ni, mà." Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí nínú sinimá náà, nítorí pé Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí di ìgbà Ọba Ghezo.

Wọ́n tún ní: "Ọ̀yọ́ nìkan?"

N kò rí èsì kankan fọ̀, èmi tí mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá. Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú orí mi wú.

Orúkọ tó ti ilẹ̀ Gíríìkì wá

Agojie ni wọ́n ń pe àwọn jagunjagun wọ̀nyí ní Dàhómì. Wọ́n tún ń pè wọ́n ní Mino, èyí tó túmọ̀ sí "àwọn ìyá wa" ní èdè Fọn. Àwọn òyìnbó tó dé ààfin Abomey ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n sọ wọ́n ní Amazon, nítorí pé ohun tí wọ́n rí rán wọn létí ìtàn Gíríìkì tí wọ́n ti kà nílé ìwé.

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Gíríìkì, ẹ̀yà obìnrin ni àwọn Amazon, wọ́n ń gun ẹṣin, wọ́n ń ta ọfà, wọn kì í sì í sá fún ọkùnrin lójú ogun. Nínú ewì Homer tí à ń pè ní Iliad, Priam, ọba arúgbó ìlú Troy, rántí ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin náà gbógun dé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́. Ìtàn mìíràn sọ pé lẹ́yìn ikú Hector, ọmọ Priam, ọbabìnrin Amazon kan tó ń jẹ́ Penthesilea wá gbèjà Troy. Achilles, akọni àwọn Gíríìkì, ni ó pa á. Àwọn tó tún ìtàn náà sọ lẹ́yìn wọn ní nígbà tí Achilles ṣí àṣíborí kúrò lórí òkú náà, tó sì rí ojú rẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ ni ó gbà á lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìtàn ìwáṣẹ̀ ni ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ lójú ayé nítòsí wa. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ọdún 1851, ogun Dàhómì kọ lu odi Abẹ́òkúta. Ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá yẹ àwọn kan tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ wò ni wọ́n tó mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó gba àwọn Ẹ̀gbá lọ́kàn ní tiwọn, ìbínú ni. Wọ́n lé ogun náà padà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì tún lé e padà ní ọdún 1864.

Àwa ni wọ́n ń bá jà

Abẹ́òkúta ní odi tó nípọn, ó sì ní èrò púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ó rí bẹ́ẹ̀ lágbègbè Yewa àti Kétu. Ogun Dàhómì fọ́ Òkè-Ọ̀dàn ní ọdún 1848. Ní ọdún 1886, ó fọ́ Kétu, wọ́n dáná sun ìlú náà, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì, láàárín ọdún 1892 sí 1894, ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wá tún ìlú wọn kọ́.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ayétòrò ni ó tan mọ́ Kétu, tiwa sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ tí mo wọ ẹ̀wù yẹn lọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà délẹ̀. Ọmọdé ni ìyá àgbà ti ìyá àgbà mi nígbà tí ogun náà dé. Ìyá rẹ̀ fà á wọ inú igbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti tó pọn omi kò sí nílé lákòókò náà. Wọ́n mú un lọ, kò sì padà mọ́.

Ìyá àgbà wá sọ wẹ́rẹ́ pé: "Àwa ni wọ́n ń bá jà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka Homer pẹ̀lú ojú mìíràn. Gíríìkì ni ó kọrin Iliad, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayọ̀ ìṣẹ́gun Gíríìkì ni ó fi parí rẹ̀. Ìsìnkú Hector, ọmọ ọ̀tá, ni ó fi parí rẹ̀. Obìnrin mẹ́ta ni ó sì dárò rẹ̀: Andromache aya rẹ̀, Hecuba ìyá rẹ̀, àti Helen tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jagun. Achilles tí à ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ewì ni ó pa bàbá Andromache àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjèèje. Ẹni tí àwọn kan ń kì ní akọni, òun náà ni àwọn mìíràn ń sunkún nítorí rẹ̀.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan mọ èyí dáadáa. Ó mú eré Euripides lórí àwọn obìnrin Troy, ó gbé e wá sí ìlú Òwu tí ogun fọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì pè é ní Women of Owu. Ẹnu àwọn tí ogun ṣẹ́gun ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú eré náà.

Òrìṣà kan, ìyá méjì

Ní Troy, àwọn òrìṣà pín sí méjì: Hera àti Athena ń gbè sẹ́yìn Gíríìkì, Apollo àti Aphrodite ń gbè sẹ́yìn Troy. Tiwa ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gu tí àwọn Fọn ń bọ kí wọ́n tó lọ sógun kò ju Ògún tiwa lọ. Fa tí wọ́n ń dá, Ifá ni. Àwọn tó wà lórí odi àti àwọn tó ń gun odi bọ̀, òrìṣà kan náà ni wọ́n ń ké pè.

Orúkọ tí wọ́n fún àwọn obìnrin náà kò dá mi lójú sí ohun tí mo lè fi ṣeré mọ́. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, eré tí UNESCO bu ọlá fún ní ọdún 2001. Ọkùnrin ni ó ń gbé e. Yóò ró ìró, yóò wé gèlè, yóò sán ọ̀já, yóò sì jó, kí inú "àwọn ìyá wa" lè dùn sí ìlú. Orúkọ kan náà ni ó wà ní ìhà méjèèjì: Dàhómì kó ìbọn lé àwọn ìyá tiwọn lọ́wọ́, Kétu ń jó níwájú àwọn ìyá tirẹ̀.

Mo fẹ́ fi èyí ṣe àrífín, kí n sọ pé ọ̀nà tiwa ni ó dára jù. Ìyá àgbà kò jẹ́. Wọ́n ní: "Ọmọ tí wọ́n mú lọ yẹn, iṣẹ́ wo ni o rò pé wọ́n fún un?"

Òtítọ́ ni pé Dàhómì máa ń mú nínú àwọn ọmọbìnrin tó bá kó lẹ́rú, tí yóò kọ́ wọn ní ogun jíjà. Ìyá àgbà na ìka sí àyà mi, wọ́n ní: "Bóyá òun nìyẹn."

Ní ọdún 2022, wọ́n ṣí ère Amazon kan tó ga tó mítà 30 ní Kútọnu. Mo gba Ìdíìrókò lọ wò ó ní oṣù Kejìlá. Èrò pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi náà ya fọ́tò, mo sì tún dúró díẹ̀ síwájú ère náà, tí mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá n ó rí ẹni tó jọ wá.

N kò tíì sọ ẹ̀wù náà nù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè obìnrin tó wà lórí rẹ̀, mo máa ń sọ ti ìgboyà rẹ̀, mo sì máa ń sọ ti ìlú tó fọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dárúkọ ọmọbìnrin tó ti tó pọn omi nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ kò parun nílé wa. Àbúrò mi ni ó ń jẹ́ ẹ lónìí. Bí ẹ̀yin náà bá ní àgbà nílé ní Ìlaròó, ní Ìmẹ̀kọ, tàbí níbikíbi tí ogun ti kọjá rí, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ tiyín.