Kí Ìyá Aláta Tó Gbẹ́sẹ̀ Mẹ́rin, Mọ́tò Ti Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀!

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Mowe, Ibafo àti Ìfọ̀, ẹ gbọ́ ná! Mọ́tò olówó ńlá kan wà tó ní nǹkan tí òyìnbó ń pè ní launch control. Dírẹ́bà á fẹsẹ̀ òsì tẹ búrékì mọ́lẹ̀, á fi tọ̀tún tẹ èyí tó ń mú mọ́tò sáré títí á fi kan ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò ní yẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń díwọ̀n agbára, kí táyà má baà máa yí lójú kan. Bó bá yọ ẹsẹ̀ lórí búrékì báyìí, ó parí! Ẹ̀yìn á lẹ̀ mọ́ ìjókòó, ẹni tí kò dán an wò rí á pariwo "Olúwa gbà mí!"

Porsche 911 Turbo S ti ọdún 2020, ìṣẹ́jú-àáyá 2.7 péré ló fi ń kúrò lórí ìdúró dé eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Àní wọ́n fòfin de ọgbọ́n yìí nínú ìdíje Formula One lọ́dún 2004.

Ẹ ò wá rí i pé ọ̀rọ̀ kàn wá? Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978 ló gba Mowe àti Ibafo kọjá, ti Abẹ́òkúta ló gba Ìfọ̀. Ìyá gbé igbá ata rù, ó wo òsì, ó rí mọ́tò tó dúró ní nǹkan bíi mítà 40, ó ní àyè wà. Kó tó dé àárín títì, mọ́tò ti dé.

Ẹ̀yin ọmọ olówó, ẹ jọ̀ọ́, pápá ìdíje ni kẹ́ ẹ wá lọ. Ẹ sì de bẹ́líìtì.