Kí A Tó Pààrọ̀ Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Àtijọ́: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Oníṣẹ́ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Àwọn tí ó ń fi kọ̀ǹpútà orí tábìlì jẹun kò kéré ní ìlú Abẹ́òkúta. Ìlú yìí ni Àlùfáà Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní ọdún 1859, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará ibẹ̀. Bí ènìyàn bá rìn láti Ṣàpọ́n dé Pánṣẹ́kẹ́ lónìí, yóò rí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, àti ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò ni ó jẹ́ tòkunbọ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ti lò fún ọdún mélòó kan kí ó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń fà nísisìyí. Ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni pé, ṣé kí a yọ ọpọlọ inú rẹ̀ kí a fi èyí tí ó yára jù ú lọ sí i, àbí kí a wá ẹ̀rọ mìíràn rà?

Ìbéèrè náà yẹ ní gbígbé yẹ̀wò dáradára, nítorí pé ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà lọ ra ọpọlọ tí kò bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu, yóò san owó ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tún bẹ ẹni tí ó tà á fún un kí ó tó gbà á padà.

Ọpọlọ tí à ń wí yìí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pírósẹ́sọ̀. Ohun pẹlẹbẹ kan ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kò sì ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ. Òun ni ó ń ṣe gbogbo ìṣirò tí ẹ̀rọ ń ṣe. Orí pátákó ńlá tí ó wà nínú ẹ̀rọ, èyí tí a mọ̀ sí mọ́dábọ́ọ̀dù, ni ó jókòó sí. Ibi ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní iye ojú tí iná ti ń kọjá, iye yìí ni ilé iṣẹ́ Intel sì fi ń sọ ọ́ lórúkọ: 775, 1155, 1150, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ tí a ṣe fún 1150 kò lè wọ inú 1155 láéláé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé márùn-ún péré ni ó wà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n kí nọ́ńbà bára mu nìkan kò tó, níhìn-ín gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù owó. Ẹ jẹ́ kí a mú Dell OptiPlex 790 kúrò lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ àtijọ́ lásán, kí a wò ó bí àpẹẹrẹ: ọdún 2011 ni ó jáde, sọ́kẹ́ẹ̀tì 1155 ni ó ní. Bí ó bá jẹ́ Core i3 2100 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí ó ní kóò méjì, a lè fi Core i7 2600 rọ́pò rẹ̀, èyí tí ó ní mẹ́rin, iṣẹ́ yóò sì yá sí i. Core i7 3770 tí ó jáde ní ọdún 2012 náà ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì 1155, ṣùgbọ́n OptiPlex 790 kò mọ̀ ọ́n. OptiPlex 7010, tí ó jẹ́ àbúrò rẹ̀, ni ó gba méjèèjì.

Ọ̀ràn sọ́kẹ́ẹ̀tì 1151 tilẹ̀ le ju èyí lọ. Ọdún 2015 ni ó bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìran kẹfà àwọn ọpọlọ Intel, ìran keje sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní ọdún 2017, nọ́ńbà 1151 kan náà ni wọ́n fún un. Ó ń jókòó síbẹ̀ wẹ́kú, síbẹ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù ti ìṣáájú kò ní bá a ṣiṣẹ́, nítorí pé wọ́n ti yí ọ̀nà tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀ padà. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí ilé iṣẹ́ kan fi ní láti fún ohun méjì tí kò bára mu ní orúkọ kan ṣoṣo.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn yìí dun àwọn oníṣẹ́ ni Windows. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró fún gbogbo ènìyàn, àyàfi àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Windows 11 ni ó rọ́pò rẹ̀; lápá Intel, láti ìran kẹjọ sókè ni Microsoft sì fọwọ́ sí, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìran keje. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìran kẹfà kò lè fi ọpọlọ tuntun ra ọ̀nà wọ inú Windows 11. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn. Linux kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára fún ẹni tí ó ń tẹ lẹ́tà tí ó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ CorelDRAW òde òní, tí àwọn atẹ̀wé wa fẹ́ràn, kò ní ẹ̀dà tirẹ̀ fún Linux.

Àwọn tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ ti AMD, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì jẹ́ AM4, ni orí bá ṣe. Púpọ̀ nínú mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 ti ọdún 2017 ni ó lè gba ọpọlọ Ryzen ti ìran 5000, bí a bá ti tún BIOS rẹ̀ ṣe, Windows 11 sì gba ìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, kí ó kọ́kọ́ wádìí bóyá ọpọlọ ni ó ń fa ìdádúró. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń wọ́, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Bí ẹ bá rí i pé Disk ti dé ọgọ́rùn-ún tí CPU kò sì ju mẹ́wàá lọ, háàdì-dísìkì àtijọ́ ni ẹlẹ́ṣẹ̀, SSD ni kí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ Memory ni ó kún, ráàmù ni kí ẹ fi kún un. Ìgbà tí CPU bá dé ọgọ́rùn-ún tí ó dúró síbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ọpọlọ.

Bí ó bá wá di dandan, BIOS ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, nígbà tí ọpọlọ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe é láìsí UPS tàbí inverter, nítorí bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́ náà, mọ́dábọ́ọ̀dù lè kú pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ okùn iná, kí ẹ sì fọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná tí ó wà lára yín lè lọ; ìgbà ọyẹ́ ni ìyẹn burú jù. Nínú AM4, abẹ́ ọpọlọ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, ó sì lè bá irin amú-ooru-kúrò jáde bí a bá fà á tagbára-tagbára. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gbóná díẹ̀ ṣáájú, kí ẹ sì yí irin náà díẹ̀díẹ̀. Nínú ti Intel, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni abẹ́rẹ́ wà, ìka kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ fi òwú àti spírítì nu ìpara àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi tuntun tí kò ju kóró erèé kan lọ sí i. Core i3 2100 ń gba wọ́ọ̀tì 65, Core i7 2600 ń gba 95. Nítorí náà, kí ẹ gbọn erùpẹ̀ pupa kúrò lára fáànù, kí ẹ sì wò ó bóyá irin tí ó bá i3 wá tó láti gbé ooru i7.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá tàn, ẹ wo orúkọ ọpọlọ tuntun nínú BIOS, kí ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ó wúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dé àpótí náà. Ẹ má ṣe tíì ta ọpọlọ àtijọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ láti tàn lọ́jọ́ kan, òun ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá ọpọlọ ni ó bàjẹ́ tàbí mọ́dábọ́ọ̀dù.